Bàbá Kútì, Àlùfáà Akọrin: Ìtàn Ayé Kánọ́nù J. J. Ransome-Kútì (1855–1930)

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé ìrántí yìí jókòó láti yan ẹni tí a ó kọ ìtàn rẹ̀ fún ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni a kọ́kọ́ dá, gbogbo wọn sì jẹ́ orúkọ ńlá. Ẹnìkan dárúkọ Fẹlá. Ẹlòmíràn ní kí a kọ nípa ìyá Fẹlá. Ẹni kẹta ní Olíkóyè, oníṣègùn tó ṣe mínísítà ètò ìlera, ni ó yẹ. Àgbà kan láàárín wa ló wá rán wa létí pé agbo ilé kan náà ni à ń sọ kiri láti àárọ̀, àti pé bàbá tó kọ́kọ́ mú kí orúkọ ilé náà dún dé òkè òkun, orin Ọlọ́run ni wọ́n fi mú un dún. Báyìí ni a ṣe fẹnu kò sórí Bàbá Kútì. Ohun tó sì bà wá lọ́kàn jẹ́ díẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tí a bí nínú ilé wa mọ orin ọmọ-ọmọ wọn dunjú, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé bàbá àgbà ti kọrin sínú àwo kí wọ́n tó bí ọmọ-ọmọ náà.

Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò ní igbó wọn wá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ. Ọdún 25 péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ọdún 1855, ni wọ́n bí Josiah Jesse ní Ìgbẹ̀in. Ìgbẹ̀in ni bàbá, Ìgbẹ̀in ni ìyá. Bàbá wọn ni Líkóyè Kútì, ìyá wọn sì ń jẹ́ Anne. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ ohun tí orúkọ yẹn ń wí: ikú dé, ikú sì tì. Orúkọ àwọn tó ti ojú ogun bọ̀ ni, ìlú tí wọ́n sì ń gbé nígbà náà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ogun. Ní 1851 àti ní 1864 ni àwọn ọmọ ogun Dàhọ́mì wá dé odi Abẹ́òkúta, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà.

Ìgbàgbọ́ Kírísítẹ́nì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1843 ni Henry Townsend kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Abẹ́òkúta. Ní 1846 ni òun àti Àjàyí Crowther padà wá láti jókòó síbẹ̀. Lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣèrìbọmi fún ní ìlú náà, ní 1848, ni ìyá Crowther fúnra rẹ̀, Àfàlà, tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún rí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ogun ti yà wọ́n. Nítorí náà, ẹ má ṣe wo ṣọ́ọ̀ṣì ìgbà yẹn bí ẹni wo tòní tí ó kún fún gèlè àti aṣọ ẹgbẹ́. Agbo kékeré ni. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ mọ̀ pé òun ti fi ìdajì ẹbí òun sílẹ̀ lóde.

Ìyá Bàbá wọ inú rẹ̀. Bàbá wọn kò wọ̀ ọ́, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ilé òun wọ̀ ọ́. Lábẹ́ òrùlé kan náà ni ọmọ yìí ti ń gbọ́ ìlù òrìṣà lápá kan, tí ó sì ń gbọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì lápá kejì. Àwa tí a dàgbà sínú irú ilé bẹ́ẹ̀, a mọ̀ pé ọmọdé kì í yan ọ̀kan nínú orin méjèèjì. Méjèèjì ni yóò mọ̀. Lójú tiwa, ohun tí Bàbá fi ọjọ́ ayé wọn ṣe lẹ́yìn náà ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Líkóyè kò pẹ́ láyé. Nígbà tí ó kú, ìyá ló ku tí ó ń darí ọmọ, ìyá náà ló sì fi ọmọ sọ́wọ́ àwọn oníwàásù. Orúkọ Ransome tó ṣáájú Kútì, orúkọ òyìnbó oníwàásù kan ni, wọ́n sì gbà á sí tiwọn.

Wọ́n ṣì jẹ́ ọmọdé nígbà tí wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìkọ́nilẹ́kọ̀ọ́ CMS ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí yóò di olùkọ́. Wọn kò tíì parí ẹ̀kọ́ nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá ọdún 1867 ni. Ìjà ti wà láàárín àwọn aláṣẹ Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó lórí owó ibodè àti lórí ilẹ̀, inú sì ti bí àwọn ará ìlú. Wọ́n já wọ ilé àwọn òyìnbó oníwàásù àti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fọ́ wọn, wọ́n kó ohun tó wà nínú wọn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Townsend fi ń tẹ Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròyìn Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1859, bá a lọ. Gbogbo òyìnbó oníwàásù kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ Kírísítẹ́nì Ẹ̀gbá náà sá lọ sí Èkó, àwọn ni wọ́n sì tẹ Ẹ̀búté Mẹ́tta dó lórí ilẹ̀ tí Gómìnà Glover fún wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ ìkọ́nilẹ́kọ̀ọ́ náà kó lọ sí Èkó. Ọmọ ọdún méjìlá láti Ìgbẹ̀in wà lára àwọn tó kàwé wọn parí ní àjò.

A dá ọ̀rọ̀ yìí dúró díẹ̀ nítorí àwọn kan máa ń sọ̀tàn àwọn àlùfáà àtijọ́ bí ẹni pé ayé kan rọ̀ fún wọn bí ẹ̀kọ tútù. Ọmọ tó rí i tí àwọn ará ìlú rẹ̀ fọ́ ilé Ọlọ́run lójú rẹ̀ lè dàgbà di ẹni tó kórìíra ìlú náà àti gbogbo àṣà rẹ̀. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wọ kóòtù òyìnbó, wọ́n sì fi èdè òyìnbó gbàdúrà títí wọ́n fi kú. Bàbá Kútì padà sí Abẹ́òkúta láti ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Pétérù Mímọ́, Aké, láàárín àwọn ènìyàn tó fọ́ ilé náà. Wọ́n wà níbẹ̀ títí di 1879, kí wọ́n tó tún padà sí Èkó láti kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní orin ní CMS Girls' School, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó di St. Anne's ní Ìbàdàn lónìí.

Ní 1882 wọ́n gbé Bertha Olúbí níyàwó. Ní 1891, ọdún kan náà tí wọ́n bí ọmọ wọn Ìsírẹ́lì Olúdọ̀tun, ni wọ́n fún wọn ní iṣẹ́ kátíkísì ní Gbágùrá. Wọ́n di díákónì ní 1895, àlùfáà ní 1897. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹni ọdún 42 ni wọ́n nígbà tí wọ́n tó gba oyè àlùfáà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ráhùn pé ọwọ́ àwọn kò tètè tó òkè lè fi ìyẹn sọ́kàn.

Ṣùgbọ́n orin ni a fẹ́ sọ.

Àwọn ìyìn tí àwọn Kírísítẹ́nì ń kọ ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà, ti Gẹ̀ẹ́sì ni ohùn gbogbo wọn. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Yorùbá, wọ́n sì dì í mọ́ ohùn tí àwọn ará Lọ́ńdọ́nù ń kọ. Àbùkù ibẹ̀ ni pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti ní ohùn kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ lórin. Igbá kì í ṣe ìgbà, ìgbà kì í ṣe igba, igba kì í sì í ṣe igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Bí dùùrù bá gbé sílébù òkè wá sísàlẹ̀, tí ó sì gbé ti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ọkọ́ lè di ọkọ̀ lẹ́nu akọrin, ọ̀rọ̀ ìyìn sì lè di ẹ̀fẹ̀. Ẹni tó ti mọ ìwé orin lè wo ojú ìwé kó sì mọ ohun tí à ń wí. Àgbẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn tí kò mọ̀wé ńkọ́? Ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́ nìkan ni tirẹ̀. Ó ń gbọ́ Yorùbá tí kì í ṣe Yorùbá. Ó jókòó títí tí wọ́n fi parí, ó lọ sílé, ó sì kọ orin tó yé e nígbà tó dé oko.

Orin tó yé e yẹn ni Bàbá Kútì tẹ́tí sí. Ohùn tí àwọn obìnrin fi ń gún iyán, ohùn tí àwọn ọkùnrin fi ń rokò, ohùn orin ọdún, ohùn orin ìsìnkú, gbogbo wọn ni wọ́n mọ̀ láti ìgbà èwe. Wọ́n mú ohùn wọ̀nyí, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ìhìnrere sí i, ọ̀rọ̀ tó ń gòkè níbi tí ohùn Yorùbá ń gòkè, tó sì ń sọ̀ níbi tó ń sọ̀. Wọ́n tún dá àwọn orin tuntun lórí àpẹẹrẹ ohùn náà. Kì í ṣe pé wọn kò mọ orin òyìnbó o. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n ń tẹ dùùrù, orin ni wọ́n sì fi kọ́ àwọn ọmọ Èkó. Ẹni tó mọ méjèèjì ló lè rí ibi tí ìkan ti ń pa èkejì lára.

Tí a bá ní gbogbo ènìyàn ló gbà fún wọn, irọ́ la pa. Ọ̀nà méjì ni àtakò lè gbà wá, ó sì yẹ kí a gbọ́ ti ìhà méjèèjì. Lójú àwọn kan nínú ìjọ, ohùn tí a fi kí òrìṣà lánàá kò yẹ fún Jésù lónìí. Ẹni tó bá ti jáde kúrò nínú ilé kan kì í tún padà lọ kó àga ibẹ̀. Àwọn ará ìlú tí kò gbàgbọ́ náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn: orin wa ni ẹ gbà, ẹ sì fi ń pe àwọn ọmọ wa kúrò lọ́dọ̀ wa. Àwa tí a ń kọ èyí kò lè sọ pé àwọn wọ̀nyí kò ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Orin kan tó ti fi ọgọ́rùn-ún ọdún jẹ́ ti ìdílé kan, tí ọmọ ìdílé náà sì wá gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn, ó lè dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìhà kejì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ orin tí ìdílé ń kọ nígbà yẹn ti bá àwọn àgbà lọ sí sàréè. Bí a bá ṣì ń gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ ní Aké lónìí, Bàbá tó gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì ni a ní láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oko ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí èrè rẹ̀. Iṣẹ́ wọn kò mọ sí ìgboro. Ó gbé wọn dé àwọn abúlé Ẹ̀gbá, níbi tí àwọn ènìyàn wà lẹ́nu iṣẹ́ tí wọn kò sì ní àyè láti gbọ́ ìwàásù gígùn. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, orin ló máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kọjá lọ yóò dúró, nítorí ohùn tó mọ̀ ni, kí ó tó kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti yàtọ̀. Kí ó tó lọ, ó ti ń gbè é. Bẹ́ẹ̀ ni òkìkí wọn ṣe kàn gẹ́gẹ́ bí àlùfáà akọrin. Orúkọ yìí náà ni Isaac Délànọ̀ fi pe ìwé tó kọ nípa wọn ní 1942, ọdún méjìlá lẹ́yìn ikú wọn. Nígbà tó yá, ìjọ tó ń ṣiyèméjì fi orin wọn kún ìwé orin Yorùbá.

Kì í ṣe orin nìkan ni wọ́n ṣe. Láti 1902 di 1906 wọ́n jókòó bí adájọ́, ní ìgbà tí Ẹ̀gbá ṣì ń ṣe ìjọba tirẹ̀. Àlùfáà tó tún ń dájọ́: a kò rò pé ó rọrùn. Ẹni tí o dá lẹ́bi ní ọjọ́ Ẹtì ni yóò na ọwọ́ síwájú rẹ láti gba ara Olúwa ní ọjọ́ Àìkú. A gbọ́dọ̀ sọ pẹ̀lú pé ìjọ àti ìjọba kò jìnnà síra wọn nígbà náà, àti pé àwọn ọmọ-ọmọ Bàbá wá bínú gidigidi sí ìsúnmọ́ra yẹn lẹ́yìn ọ̀la. A ó dé ibẹ̀.

Ní 1911 ni wọ́n fi wọ́n ṣe àlùfáà ìjọ Pétérù Mímọ́, Aké, ìjọ tí gbogbo ìjọ Kírísítẹ́nì ní Nàìjíríà ń pè ní ìyá. Ọdún 19 ni wọ́n lò níbẹ̀, títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọdún wọ̀nyẹn kò sì jẹ́ ọdún ẹ̀rín fún Ẹ̀gbá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914 ni àwọn ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa àwọn ará ìlú ní Ìjẹmọ̀. Kété lẹ́yìn rẹ̀ ni Lugard gba òmìnira tí Ẹ̀gbá ti ní láti ọdún 1893. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tún bẹ́ sílẹ̀. Ní 1918, owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe dá ogun Adúbí sílẹ̀. Wọ́n tú irin rélùwéè, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà, àwọn sójà sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní oko. Ní ọdún kan náà ni àrùn gágá tó yí ayé ká wọ ilẹ̀ wa. Àlùfáà Aké wà láàárín gbogbo rẹ̀, ó ń sìnkú, ó ń ṣèsìn, ó sì ń kọrin. Ẹ jẹ́ ká rántí ìyẹn nígbàkigbà tí a bá ń kọ orin wọn pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ kò wà nínú ìgbádùn.

Ọdún 1922 ni ọdún tó gbé wọn jáde fún gbogbo ayé. Ní ọdún náà ni wọ́n fi wọ́n jẹ Kánọ́nù ní Kàtídírà Kírísítì, Èkó. Ní ọdún náà pẹ̀lú ni wọ́n wà ní Lọ́ńdọ́nù, ilé-iṣẹ́ Zonophone sì gba orin wọn sínú àwo. Ó lé ní ogójì orin. Ẹni ọdún 67 ni Bàbá.

Ẹ̀yin ọmọdé tó ń fi fóònù gba ohùn sílẹ̀, ẹ fetí sí bí ó ṣe rí. Kò tíì sí maikirofóònù ní ilé-iṣẹ́ àwo orin nígbà náà. Ọdún 1925 ni ti iná mànàmáná tó bẹ̀rẹ̀. Fèrè ńlá kan bí àrọ ni wọ́n gbé síwájú akọrin. Yóò kọ orin sínú ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú agbára, ohùn yóò sì mi abẹ́rẹ́ tó wà ní ìdí rẹ̀, abẹ́rẹ́ yóò máa fín ìlà sára ìda tó ń yí. Bí ó bá wúkọ́, ìda ti bàjẹ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ojú kan àwo kò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Nítorí náà, orin tí ìjọ lè fi wákàtí kan gbè ní Gbágùrá, wọ́n ní láti ká a kò kí ó lè gba inú ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò sí ìjọ tó ń gbè, kò sí àtẹ́wọ́. Ohùn wọn àti dùùrù ni.

Síbẹ̀ àwọn àwo náà wọ ọkọ̀ ojú omi padà wá sílé. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ kọrin sínú àwo, ó sì jẹ́ ohun ìyanu sí wa pé kì í ṣe orin ijó tàbí orin ọtí ni wọ́n fi síwájú, bí kò ṣe orin ìyìn ní ohùn Yorùbá. Ẹ fojú inú wo àgbàlá kan ní Abẹ́òkúta ní ìgbà náà, tí ẹni tó lówó ra giramafóònù yí i lápá, tí ohùn àlùfáà Aké sì ń jáde láti inú àpótí, tí àlùfáà fúnra wọn sì wà ní ilé wọn tí wọ́n ń jẹun. British Library ní Lọ́ńdọ́nù ní lára àwọn àwo náà nípamọ́ títí di òní. Nígbà tí wọ́n ṣe àfihàn ńlá kan níbẹ̀ lórí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 2015, wọ́n gbé orin bàbá àgbà àti iṣẹ́ ọmọ-ọmọ síbẹ̀ papọ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ti gbọ́ ọ̀kan tàbí méjì nínú àwọn àwo yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ariwo abẹ́rẹ́ pọ̀ níbẹ̀ bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù, ṣùgbọ́n Yorùbá Ẹ̀gbá tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́ kedere. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́. Ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ tí Bàbá fi ayé wọn ṣe.

Bàbá sùn ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 1930, ní ẹni ọdún 75. Ìjọ Aké ṣì wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n lọ.

Ọ̀rọ̀ ilé wọn lẹ́yìn náà pọ̀ ju ohun tí ìwé yìí lè gbà. Ìsírẹ́lì Olúdọ̀tun ni ọmọ tó kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta Grammar School nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1908. Òun náà di àlùfáà, ó ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà láti 1932 di 1954, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, NUT. Ní oṣù kìn-ín-ní 1925 ni ó fẹ́ Fúnmiláyọ̀ Thomas, obìnrin tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jáde títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Olíkóyè, Fẹlá àti Bẹ́ẹ̀kọ̀ wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ bàbá tí kò fẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, Líkóyè, ni ilé ṣọ́ọ̀ṣì yìí tún fi sọ ọmọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin Bàbá ló bí ìyá Wọlé Ṣóyínká. Ọgbà ìjọ Aké tí Ṣóyínká kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1981, ọgbà ìjọ bàbá ńlá rẹ̀ ni.

Fẹlá ńkọ́? A mọ̀ pé àwọn àlejò wa ń dúró de ibí yìí. Ó yọ Ransome kúrò lára orúkọ rẹ̀, ó ní orúkọ ẹrú ni, ó sì fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀. Kò fi bò pé inú òun kò dùn sí ẹ̀sìn tí bàbá àgbà fi gbogbo ẹ̀mí wọn sìn. Àwọn kan nínú wa, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ tọkàntọkàn, kò tíì dárí èyí jì í. Àwọn mìíràn sọ pé òun nìkan ló sọ òtítọ́ jáde. A kò ní fi ayẹyẹ ọdún kẹwàá parí ìjà tí kò parí láti ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ohun kan hàn sí wa: orúkọ tí ó yọ jẹ́ orúkọ òyìnbó, èyí tí ó sì fi sílẹ̀ ni Kútì, tí ó wá láti ọ̀dọ̀ Líkóyè. Aníkúlápó tí ó fi kún un, ọ̀rọ̀ ikú kan náà ni. Tí a bá sì tẹ́tí sí bí ó ṣe máa ń dá orin, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbè é, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dé etí ẹni tí kò mọ̀wé rárá, a lè béèrè ibi tí ọmọ náà ti rí i. Kì í ṣe Lọ́ńdọ́nù níbi tí ó ti kọ́ orin nìkan.

Nínú ìjọ pẹ̀lú, ọ̀nà tí Bàbá là kò dí. T. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù ní Kàtídírà Èkó, kọ ìwé kan ní 1953 lórí orin Yorùbá, níbi tí ó ti ṣàlàyé bí ohùn èdè ṣe yẹ kó darí ohùn orin. Ọlájídé Ọlúdé àti àwọn olórin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì náà tẹ̀ síwájú ní tiwọn. Lónìí kò sí ìjọ Yorùbá kan, ìbáà jẹ́ ti aláṣọ funfun tàbí ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi gìtá yin Ọlọ́run, tó ń fi ìtìjú kọ orin ní ohùn ìbílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn rò pé àwọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó ń kọ wá lóminú nìyí. Àwọn orin tó wà nínú ìwé orin ṣì wà, ṣùgbọ́n ìjọ tó ń kọ wọ́n kò pọ̀ mọ́. Àwọn àgbà tó mọ ohùn wọn láìwo ìwé ń dín kù lọ́dọọdún, ohùn kò sì hàn lójú ìwé. Bí àwọn àgbà wọ̀nyí bá tán, ọ̀rọ̀ lásán ni yóò kù, bí ewì tí ẹnikẹ́ni kò mọ bí a ṣe ń ké e. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ wa ṣe bẹ àwọn ìyá mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ akọrin àtijọ́ pé kí wọ́n wá kọ́ wa, wọ́n sì ti ń kọ́ wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta láti oṣù méjì sẹ́yìn. Wọn kì í gbà kí a gbé ìwé dání. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ṣì, wọn a ní kó dìde kó kọ ọ́ ní òun nìkan. Ààrẹ wa ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta.

Méjì nínú orin Bàbá Kútì ni a ó kọ ní ìsìn ìdúpẹ́ wa, ọ̀kan nígbà tí a bá ń wọlé, ọ̀kan nígbà ọrẹ. A bẹ ẹ̀yin àlejò wa kí ẹ bá wa gbè é. Ẹ má ṣe dúró de dùùrù. Àwọn ìyá yìí ni yóò dá a, bí ẹ bá sì ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ óò rí i pé ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.